Ohun Tó Wà Lábẹ́ Táìsì

 Nígbà tí alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yín pè mí lórí fóònù pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tó ń jẹ onílé lówó, ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà ni mo rò pé wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ní rárá o, táìsì ni. Wọ́n ní ilé mẹ́rin ní òpópónà kan ṣoṣo ló ti hú táìsì pálọ̀ kúrò, tí wọ́n tún òmíràn tẹ́, kí ilé náà tó pé ọdún márùn-ún. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kí wọ́n ka tèmi mọ́ ọn, kó di márùn-ún.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ilé kíkọ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo mọ iye páànù yanrìn tó yẹ kó bá àpò símẹ́ǹtì kan lọ. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí kọnkéré tuntun lo ọjọ́ 28 kí a tó tẹ́ nǹkan lé e lórí. Síbẹ̀, ní òru ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, nǹkan dún gbàmù ní pálọ̀ mi. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Fúnmi, wọ́n ti dé." Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo mú àdá, mo yọ́ jáde. N ò bá ẹnì kankan. Táìsì méjì ló fẹ̀yìn ti ara wọn láàárín ilé, wọ́n dìde dúró bí òrùlé ilé adìyẹ. Mo fi ọwọ́ kan gbé ọ̀kan, ó tẹ̀ lé mi wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ bí ọjọ́ tó kúrò nínú páálí. Nílẹ̀ níbi tó ti kúrò, ìṣù símẹ́ǹtì márùn-ún ló wà níbẹ̀: mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan ní àárín, wọ́n rí róbótó bí àkàrà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú epo. Àárín àkàrà kan sí èkejì, òfìfo ni. Èèrà ti ń gbé ibẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ. Mo jókòó sórí àga, mò ń mu tíì, mò ń yin bó ṣe ń dán. Bẹ́ẹ̀ ojú táìsì, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti dán an. Onítáìsì ò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ tiẹ̀ wà, abẹ́ yẹn náà la ò sì ní fojú rí mọ́ tó bá ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò kúrò níbẹ̀: báwo la ṣe ń rí ẹni tó máa ṣe ibi tí a ò ní rí dáadáa?

Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ títẹ́. Ẹni tó bá ti dé Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n mú un lọ wo ilẹ̀ alápáàdì, á mọ ohun tí mò ń wí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, tó jẹ́ obìnrin, ló pàṣẹ pé kí wọ́n tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá kí ẹrẹ̀ má baà kan ẹsẹ̀ òun. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú púpọ̀ nínú ilẹ̀ wọ̀nyí jáde, ọjọ́ orí wọn sì lé ní 500 ọdún. Bí wọ́n ṣe tò ó ló wù mí jù. Wọn ò fi àpáàdì lélẹ̀ pẹrẹsẹ bí àwa ṣe ń fi táìsì lélẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi rì í mọ́lẹ̀, ọ̀kan ti èkejì, ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́ bí egungun ẹja. Etí rẹ̀ nìkan lẹ máa rí, gbogbo ara rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn fún Lúwòó, ó dá mi lójú pé kò gba àsansílẹ̀ kó sì pa fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí táìsì tòde òní. Ẹni tó bá wọ ọjà Odun-Ade ní Coker, l'Ékòó, á rí i tí wọ́n tò ó lọ bí ìwé nínú ilé ìkàwé. Ọlọ́jà á ní èyí ti Sípéènì ni, èyí ti Ṣáínà ni, èyí Ṣágámù níbí ni wọ́n ti ṣe é. Kò burú láti mọ ibi tó ti wá, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè ni irú èyí tó jẹ́: ṣé sẹ̀rámíìkì ni àbí pọ́sílíìnì? Bí ọlọ́jà bá ń ká ọ̀rọ̀ mọ́nu, ẹ dá táìsì náà dojú dé, kí ẹ ta omi díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá fa omi náà mu bí ilẹ̀ gbígbẹ, sẹ̀rámíìkì ni. Bí omi bá dúró lé e lórí bí ìrì ṣe ń dúró lórí ewé kókò, pọ́sílíìnì ni. Táìsì ara ògiri lè mu omi tó ju ìdá 10 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Pọ́sílíìnì tòótọ́ kì í mu ju ààbọ̀ ìdá kan nínú 100.

Kí ni ìyẹn kàn wá? Ó kàn wá gan-an, torí ibẹ̀ ni pálọ̀ mi ti bàjẹ́. Símẹ́ǹtì lásán ń di táìsì mú nítorí pé omi símẹ́ǹtì ń wọ inú àwọn ihò tíntìntín tó wà lẹ́yìn táìsì, ó sì ń gbẹ síbẹ̀ bí ìgbà tí gbòǹgbò bá wọlẹ̀. Pọ́sílíìnì kò ní ihò yẹn. Símẹ́ǹtì kàn fara tì í ni, kò dì í mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ta gọ́ọ̀mù táìsì, èyí tó jẹ́ símẹ́ǹtì àti yanrìn kíkúnná tí wọ́n ti po nǹkan mìíràn mọ́ láti ilé iṣẹ́, tó máa ń wà nínú àpò kílò 20. Sẹ̀rámíìkì ní tiẹ̀ lè bá símẹ́ǹtì lásán gbé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi títí tí kò fi ní ru ìfófòó mọ́. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á fa omi símẹ́ǹtì mu kí símẹ́ǹtì tó le. Bó bá wá jẹ́ gọ́ọ̀mù lẹ fẹ́ fi lẹ sẹ̀rámíìkì náà, a kì í rẹ ẹ́.

Nítorí náà, bí onítáìsì bá dé ilé yín, kí ẹ tó béèrè iye tó máa gbà, ẹ béèrè pé, "Ọ̀gá, kí lẹ máa fi lẹ èyí, kí sì nìdí?" Ọ̀rọ̀ wà nínú "kí sì nìdí" yẹn. Ẹni tó mọṣẹ́ á dá táìsì yín dojú dé, á fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, á wá ṣàlàyé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é." Ohun tí ọ̀gá tèmi sọ fún mi nìyẹn. Mo sì fọkàn balẹ̀.

Ẹ tún wo ọwọ́ rẹ̀ tó bá bẹ̀rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ eléyín ni wọ́n fi ń ya gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó máa ń rí bí ojú ebè nínú oko. Tí táìsì bá tóbi bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60, wọ́n á fi díẹ̀ pa ẹ̀yìn táìsì náà. Wọ́n á gbé e lé e, wọ́n á tì í síwá sẹ́yìn díẹ̀ kí àwọn ebè yẹn lè wó mọ́ ara wọn, kí afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n tó fi òòlù onírọ́bà lù ú. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ti yà sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pẹ́ ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí oòrùn bá mú, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìka tọ́ ọ. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka, kò ní lẹ̀ mọ́ táìsì, kí wọ́n há a kúrò. Bí ẹ bá rí onítáìsì tó ń ṣí táìsì kan padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù kárí, ẹ bu omi tútù fún un. Iṣẹ́ ń lọ.

Àlàfo ara ògiri náà ṣe pàtàkì, àwọn èèyàn kì í sì í kà á sí. Táìsì máa ń ràn díẹ̀ bí ooru bá mú, ó sì máa ń súnkì bí òtútù bá dé. Kọnkéré tuntun náà ń súnkì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí wọ́n bá fún táìsì mọ́ ògiri pinpin ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí wọn ò sì fi àlàfo sáàárín táìsì kan sí èkejì, kò sí ibi tí wọ́n lè sún sí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tira wọn títí tí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fìdí múlẹ̀ á fi fò sókè. Nígbà ọyẹ́, tí oòrùn ọ̀sán àti òtútù òru kì í bára wọn ṣọ̀rẹ́, ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Kí wọ́n fi ìwọ̀n mìlímítà 5 sí 10 sílẹ̀ ní ìdí ògiri. Sìkátìnì á bò ó, àlejò kankan ò ní rí i. Bí pálọ̀ yín bá gùn ju mítà 8 lọ, ẹ ní kí wọ́n fi àlàfo mìíràn sáàárín rẹ̀, kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ dí i.

Ó wá kù bí a ṣe máa rí ẹni yẹn. Gbogbo onítáìsì ló ní fọ́tò nínú fóònù, gbogbo fọ́tò náà ló sì ń dán. Ilẹ̀ tuntun kì í purọ́ lójú fọ́tò, kò tíì sí ohun tó máa fi purọ́ ni. Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti ṣe láti bí ọdún mẹ́ta. Bó bá ní òun ò rántí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́, ẹ̀yin náà ẹ má rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ kí onílé, kí ẹ tọrọ àyè, kí ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ kan táìsì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Èyí tó dì mú dáadáa á dún kó, kó. Èyí tó ṣófo á dún gbò, gbò, bí ìgbà tí a ń kan akèrègbè. Ọ̀kan tàbí méjì kò ní ká ké gbàjarè. Bó bá tò lọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, kí ẹ máa lọ. Ẹ yọjú sí ẹ̀yìn ìjókòó ṣáláńgá àti ìdí férémù ilẹ̀kùn, níbi tí wọ́n ti gé táìsì kéékèèké, torí ibẹ̀ ni ọ̀lẹ máa ń sá pamọ́ sí. Kí ẹ tó jáde, ẹ bi onílé pé, "Nígbà tí ẹ pè é padà, ṣé ó wá?"

Ìwé ẹ̀rí náà wà. Àwọn kan ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń pè ní Trade Test, àwọn kan ní ìwé NABTEB, àwọn mìíràn sì ṣe fìrídọ̀mù lábẹ́ ọ̀gá, tí wọ́n pa ewúrẹ́, tí wọ́n ya fọ́tò. Mi ò kóyán èyíkéyìí kéré. Ìbéèrè tèmi ni, "Ta ni ọ̀gá yín, ọdún mélòó lẹ sì lò?" Ẹni tó bá fara jìyà kọ́ṣẹ́ yóò sọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ kí ẹ tó pa ẹnu dé, yóò tún fi ìtàn kan bú ọ̀gá náà díẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń dúró de ibi tí mo máa ti dárúkọ àwọn ará Kútọnu. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onílé l'Ékòó àti Ògùn kì í fẹ́ gbé iṣẹ́ táìsì fún ẹlòmíràn bí kò ṣe ará Benin tàbí Tógò. Òkìkí yẹn kò ṣàdédé wá. Àwọn tó gba ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn ló kọ́ táìsì nìkan, wọn ò fi iṣẹ́ bíríkìlà àti ọ̀dà kíkùn kún un. Àmọ́ ìlú kì í lẹ táìsì, èèyàn ló ń lẹ̀ ẹ́. Mo ti pàdé ọmọkùnrin kan rí tó ń fi ohùn Faransé bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀, "Papa, pas de problème." Nígbà tó di ọ̀sán tí òòlù jábọ́ lé e ní àtàǹpàkò, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi pariwo.

Ní ti ìmọ̀ràn, ẹ fura sí ẹni tó máa jẹ nínú ìdáhùn tó fẹ́ fún yín. Ọlọ́jà fẹ́ kí ẹ ra èyí tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Onítáìsì tó mú yín lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan pàtó lè ní owó ẹ̀yìn níbẹ̀. Mi ò pe ìyẹn lólè o, a ti mọ̀ ọ́n mọ́ ọjà, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ̀ pé ó wà. Bó bá jẹ́ odindi ilé lẹ fẹ́ tẹ́, ẹ wá bílídà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn bílídà sílẹ̀, kí ẹ san owó ìbẹ̀wò kan fún un, kó wá wo ilẹ̀ yín kí onítáìsì tó dé. Kò ní èrè lórí gọ́ọ̀mù, kò ní èrè lórí páálí. Owó tí mo fi tún pálọ̀ mi ṣe, ó tó san owó ìbẹ̀wò lọ́nà ogún.

Ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ibi tí èmi náà ti jẹ̀bi. Iye mítà ni wọ́n fi ń díyelé owó iṣẹ́ táìsì, mítà kan ní ìbú, mítà kan ní òró. Bí ọwọ́ ṣe yá tó ni owó ṣe pọ̀ tó. Mo ná ọ̀gá yẹn, mo ná an, mo tún fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́, títí tó fi gba ìdajì ohun tó pè. Inú mi dùn pé mo mọ ọjà ná. Ibi tí mo ti já a lówó, ibẹ̀ ló ti já mi ní símẹ́ǹtì. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o; èmi ni mo fún un ní itọ́. Nísinsìnyí, bí ẹni kan bá pe owó tó kéré ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ, mo máa ń bi í pé níbo ló ti fẹ́ yọ ọ́.

Bí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kódà kó jẹ́ ojú ewé ìwé ọmọ iléèwé kan: irú ohun tí wọ́n máa fi lẹ̀ ẹ́, ẹni tó máa rà á, ẹni tó máa san owó èyí tó bá fọ́, ẹni tó máa kó pàǹtírí jáde. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta. Ìkejì kò gbọ́dọ̀ jáde kí ìdajì iṣẹ́ tó parí. Ìkẹta á dúró títí ẹ ó fi fi kọ́kọ́rọ́ kan gbogbo ilẹ̀ náà wò.

Ọ̀rọ̀ páálí, ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.66 lọ́nà méjèèjì, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 13.4 lápapọ̀. Ẹ fi ìdá 10 nínú 100 kún un fún gígé àti fífọ́, ó di 14.7. Páálí 60 sí 60 kan ní táìsì mẹ́rin, tó kárí 1.44. Páálí mẹ́wàá kò tó, mọ́kànlá ni ẹ máa rà. Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí kọ̀ọ̀kan. Bí wọn ò bá dọ́gba, ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sun wọ́n, àwọ̀ wọn lè yàtọ̀ díẹ̀, ojú ilé yín ni ìyàtọ̀ náà á ti hàn. Ẹ ra páálí kan kún un, kí ẹ fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ iwájú.

Ní ti ètò iṣẹ́, púlọ́ḿbà àti oníná ni kó kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà oní-POP, kí onítáìsì tó wọlé. Ní balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ti omi sínú páìpù, kó sùn mọ́jú, kí wọ́n tó bo ògiri. Ilẹ̀ balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ lọ sí ojú ihò omi, sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì nínú mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ da garawa omi kan sílẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹni tó tún pálọ̀ mi ṣe lẹ́ẹ̀kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Owó tó pè ga. Ọjọ́ kan gbáko ló fi há àkàrà ọ̀gá àkọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, kò lẹ táìsì kan ṣoṣo lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ń wò mí bíi pé mo ti tún ṣìnà. Ọjọ́ kẹrin ló parí. Ó ní òun ò ní dí àlàfo àárín àwọn táìsì náà lónìí, ó di ọ̀la. Ní ọ̀sán ọ̀la, ó yọ náírà onírin kan jáde nínú àpò, mi ò mọ ibi tó ti rí i lóde òní, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kàn án." Àwa méjèèjì wólẹ̀ ní pálọ̀, à ń kàn án láti táìsì dé táìsì. Ó bá mi rí méjì tó dún gbò ní ìdí ilẹ̀kùn. Èmi ní kó fi sílẹ̀, méjì ni ṣá. Ó ti lọ mú irin ìhúlẹ̀ rẹ̀.